Nígbà Tí Kọ̀ǹpútà Ilé Wa Kọ Ètò Tuntun

Ẹ̀kọ́ tí mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí, ilé wa ní Zuba níbí ni mo ti kọ́ ọ, nígbà ìsinmi Kérésìmesì ọdún 2025.

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà nílé wa, tòkúnbọ̀ sì ni. Mọ́mì mi, tó ń ta ọsàn ní ọjà èso, ló ń fi ṣe ìṣirò ọjà rẹ̀. Windows 10 ló wà lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025, Microsoft fòpin sí àtìlẹyìn fún Windows 10. Windows 11 ní tirẹ̀ ń béèrè ohun ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, tiwa kò sì ní in. Ni èmi àti bọ̀dá mi bá ní Ubuntu la máa gbé sí i. Ọ̀fẹ́ ni. Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, ló dá a sílẹ̀, ọdún 2004 sì ni àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde. Orúkọ yẹn wá láti inú èdè àwọn ará ibẹ̀, ó sì jẹ mọ́ ṣíṣe ènìyàn sí ọmọnìkejì ẹni. Lójú tèmi, ó bá ọmọlúàbí tan.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, Mọ́mì bẹ̀ wá. Ohùn màmá àgbà, níbi tó ti ń ki oríkì wa, wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn, fáìlì mẹ́ta. Màmá àgbà ti di olóògbé, kò sì sí ohùn náà níbòmíràn. A ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí fíláàṣì kan, a ní ó ti parí. Ẹ máa bá mi ká lọ.

Ìṣòro kìn-ín-ní: A wa fáìlì Ubuntu jáde látorí íntánẹ́ẹ̀tì, a sì dà á sórí fíláàṣì mìíràn bí ẹni da orin. Windows náà ló tún ń ṣí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Ètò bíi Rufus ló ń kọ ọ́ sórí fíláàṣì lọ́nà tí kọ̀ǹpútà fi lè ti ibẹ̀ ṣí. Ẹ rántí o, Rufus máa pa gbogbo ohun tó wà lórí fíláàṣì náà rẹ́.

Ìṣòro kejì: Ó ṣí, àmọ́ ó dúró lójú ọ̀nà, ó ń kọ àṣìṣe. Bọ̀dá mi ní fíláàṣì ti bàjẹ́. Èmi ní kọ̀ǹpútà ló ti gbó. Àwa méjèèjì la ṣì í. Fáìlì yẹn ní àmì ìdánimọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní SHA256, lẹ́tà àti nọ́ńbà 64. A kọ certutil -hashfile, orúkọ fáìlì àti SHA256 sínú ojú ìwé àṣẹ Windows, a fi èsì rẹ̀ wé ti orí ìkànnì Ubuntu. Wọn kò bára mu! Dátà wa ló ti já nígbà tí a ń wà á. A tún un wà lóru.

Ìṣòro kẹta: Ó ṣí dáadáa wàyí, àmọ́ kò rí dísíìkì inú kọ̀ǹpútà rárá. A wọ inú BIOS, a rí i pé RAID ni wọ́n fi dísíìkì sí. A yí i sí AHCI, ó sì rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣì fẹ́ lo Windows rẹ̀ kò gbọdọ̀ kàn yí i bẹ́ẹ̀, torí Windows lè kọ̀ láti ṣí.

Ó wá ku kí a tẹ ibi tó ní kó pa gbogbo dísíìkì rẹ́. Mọ́mì ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ ohùn màmá mi ná." A ti fíláàṣì ẹ̀dà bọ̀ ọ́. Fáìlì kìn-ín-ní sọ̀rọ̀, ìkejì sọ̀rọ̀. Ìkẹta kò fọhùn. Àyà mi já! Èmi ni mo fa fíláàṣì yọ kó tó parí. Ọpẹ́lọpẹ́ pé Ubuntu gbà wá láàyè ká dán an wò láì tíì gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ la ti ṣí dísíìkì Windows, a tún ìkẹta dà, a gbọ́ ọ títí dé òpin, a tún ṣe ẹ̀dà mìíràn sórí fóònù Mọ́mì. Mọ́mì nu ojú. Ìgbà yẹn la tó tẹ̀ ẹ́.

Àwọn àgbà ní bí a bá fi ẹ̀sọ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyí:

1. Ẹ̀dà tí o kò tíì ṣí wò, má pè é ní ẹ̀dà.
2. Ohun kan ni kí o yí lẹ́ẹ̀kan, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí o bá yí mẹ́ta pọ̀, o ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.
3. Má dá ẹ̀rọ lẹ́bi kí o tó yẹ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ wò.

Ayọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé bátànì Yorùbá wà lára èyí tí Ubuntu ní. Òun ni mo fi tẹ ẹ, ọ àti ṣ inú àròkọ yìí.

Iṣẹ́ ṣíṣe: (a) Kí ló dé tí fáìlì àkọ́kọ́ wa kò ṣiṣẹ́? (b) Ohùn ta ló wà nílé yín tí kò ní ẹ̀dà? Ẹ lọ ṣe é nígbà ìsinmi.

Ó dìgbà o.