Níbo ni fóltì yòókù wọlẹ̀ sí? Wáyà, bọ́dì àti ẹ̀rọ orin inú ọkọ̀

Ẹni tó bá ti ná ọjà ní Ìràwọ̀, tàbí ní ìlú mìíràn ní Òkè-Ògùn, á ti rí irú ọkọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bọ́ọ̀sì àtijọ́ ni, wọ́n de sípíkà mọ́ orí rẹ̀, wọ́n tún kó méjì ńlá sẹ́yìn, ohùn olóògùn á sì máa lọ láti ẹnu ọ̀nà ọjà títí dé ìsọ̀ àwọn ẹlẹ́lùbọ́. Àwọn oníwàásù ní tiwọn, àwọn olóṣèlú náà ń háyà rẹ̀ nígbà ìbò. Àìsàn kan náà ló sì sábà máa ń ṣe wọ́n: bí bàsì bá ti wọlé, iná iwájú ọkọ̀ á ṣe bàìbàì, ohùn á fọ́, amplifier á kú, á tún jí. Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún olówó ọkọ̀ ni pé kó lọ ra amplifier tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí bátìrì tuntun. Lójú tèmi, owó yẹn á kàn ṣòfò ni, nítorí inú wáyà ni àìsàn náà sábà máa ń wà. Ohun tí a kọ́ ní PHY 102 tó láti fi hàn án.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ẹ̀rọ tó ń jẹ 1000 W lórí iná 230 V kò fa ju bíi 4.3 A lọ. Wáyà 2.5 tí àwọn oníná ń tẹ̀ sínú ògiri gbé e láìlàágùn. Nínú ọkọ̀, bátìrì 12 V la ní, ó sì ń tó bíi 13.8 V nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Amplifier class D tó ń gbé 1000 W jáde lóòótọ́ (kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí rẹ̀) lè máa jẹ 1250 W, torí apá kan á di ooru. Ẹ fi 13.8 pín in: bíi 90 A. Tó bá jẹ́ class AB, ó lè ju 120 A lọ.

Ibí yìí ni òfin tí Georg Ohm gbé jáde ní 1827 ti ń múni. Fóltì tó ń sọnù sínú wáyà jẹ́ kọ́ráǹtì ní ìlọ́po ìdènà, ooru tó sì ń jáde níbẹ̀ jẹ́ kọ́ráǹtì ní ìlọ́po ara rẹ̀, ká tó wá fi ìdènà sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ mú ojúkò kan tí ìdènà rẹ̀ jẹ́ 0.02 Ω péré. Nínú ilé, ní 4.3 A, kò jí tó 0.09 V gbé. Nínú ọkọ̀, ní 90 A, ó jí 1.8 V, ó sì ń ta ooru 162 W sójú kan ṣoṣo. Nígbà tí rédíò ọkọ̀ Motorola kọ́kọ́ jáde ní 1930, kò sẹ́ni tó nílò kó ronú báyìí, torí kọ́ráǹtì tí rédíò ìgbà náà ń fà kò tó nǹkan. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ náà ti mọ ibi tó ń dùn wọ́n: 48 V ni Tesla fi sínú Cybertruck. Bí fóltì bá di ìlọ́po mẹ́rin, kọ́ráǹtì á di ìdá mẹ́rin, ohun tó ń ṣòfò nínú wáyà kan náà á sì di ìdá mẹ́rìndínlógún. Ṣùgbọ́n 12 V ló wà ní Ìràwọ̀.

Bàbá olóògùn kan tó ń ná ọjà náà gbà mí láàyè láti wọn ọkọ̀ rẹ̀. Rìwáyà tó bá a ṣe é ti fi mítà kan wáyà bọ́dì, mítà dún píì, ó ní kò sí àbùkù níbẹ̀. Ó dára ká mọ̀ pé píì yẹn kò sọ nǹkan kan fún wa. Ìdènà okùn mítà fúnra rẹ̀ sábà máa ń ju 0.02 Ω lọ, nítorí náà mítà kò lè rí ohun tí à ń wá. Ìgbà tí ẹrù bá wà lórí wáyà la máa ń mọ ìwà rẹ̀. Orin kì í sì í dúró lójú kan, mítà kò lè bá ìlù sáré, nítorí náà ohùn 50 Hz kan tí kò sinmi ni mo fi fóònù gbé sí i. Mo yí i sókè títí mítà tó ń há wáyà mọ́ ẹnu fi ka 60 A. (Kí ẹ rí i pé irú èyí tó ń ka DC ni ẹ yá, AC nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kà.) Lẹ́yìn náà ni mo gbé ọ̀pá mítà kan lé pósítíìfù bátìrì, mo gbé èkejì lé pósítíìfù amplifier, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún apá nẹ́gátíìfù.

Bátìrì wà ní 13.2 V. Ẹnu amplifier wà ní 10.9 V. 2.3 V ti sọnù lójú ọ̀nà. Wáyà pósítíìfù mú 0.86, ojú fíúsì mú 0.24, apá bọ́dì tí mítà dún píì fún mú 1.2.

Wáyà ilé, 6 mm², ni wọ́n fi fa pósítíìfù, ó sì gùn tó mítà márùn-ún. Ìdènà rẹ̀ rọrùn láti ṣírò: ti bàbà jẹ́ bíi 1.72 × 10⁻⁸ Ω·m, ẹ fi gígùn sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ fi ìbú ojú wáyà pín in, ẹ ó rí 0.0143 Ω. Ní 60 A, 0.86 V nìyẹn, ó bá mítà mu. Tó bá jẹ́ 25 mm², 0.21 V péré ni. Wáyà àwọn wẹ́dà ṣiṣẹ́ náà dáadáa, torí okùn rẹ̀ wẹ́wẹ́, ó sì ń ṣẹ́po láìdá. Ẹ ṣọ́ra fún aluminiomu tí wọ́n da bàbà bò. Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ họ ọ́, funfun á yọ. Bí ẹ bá gbé e lọ́wọ́, ó fúyẹ́, torí bàbà wúwo ju aluminiomu lọ ní ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀. Ìdènà rẹ̀ ju ti bàbà lọ ní bíi ìdajì sí i. Ẹ má sì wo bí rọ́bà ara wáyà ṣe nípọn, irin inú rẹ̀ ni kí ẹ wọ̀n. Ọ̀ràn oòrùn tún wà: lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí wáyà bá gbóná dé 80 °C, ìdènà bàbà ti fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin lé sí ti 20 °C.

Bọ́dì ló yà mí lẹ́nu jù, kò sì yẹ kó yani lẹ́nu. Gbogbo kọ́ráǹtì tó bá gba pósítíìfù lọ gbọ́dọ̀ gba ibòmíràn padà. Àwọn èèyàn á ra wáyà ńlá fún pósítíìfù, wọ́n á wá fi wáyà tín-ín-rín kan há nọ́ọ̀tì ìjókòó ẹ̀yìn, lórí ọ̀dà. Ọ̀dà kì í gbé iná. Ẹnu ìdè nọ́ọ̀tì yẹn nìkan ni kọ́ráǹtì ń gbà wọlé, ojú ọ̀nà wa sì ń gbọn ọkọ̀ títí nọ́ọ̀tì fi máa ń tú, eruku pupa á wọ ibẹ̀, òjò á fi ìpẹtà kún un. 1.2 V ní 60 A jẹ́ 72 W. Áyọ́ọ̀nù tí a fi ń jó léèdì nínú lábù kì í sábà ju 60 W lọ. Mo ní kí Bàbá fọwọ́ sún mọ́ ibẹ̀ kó má fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní, “Háà! Ìdí nìyí tí ìjókòó yìí fi ń rùn bí rọ́bà jíjó láti ọdún tó kọjá.”

Fíúsì ni mo bẹ̀rù jù. Ẹ̀gbẹ́ amplifier lẹ́yìn ni wọ́n so ó sí, wọ́n sì ti fi bébà fàdákà inú páálí sìgá wé e lẹ́yìn tó jó. Wáyà ni fíúsì wà fún, kì í ṣe amplifier. Bí wáyà pósítíìfù bá ha níbi tó ti gba ihò irin kọjá, tí irin sì kàn án, bátìrì lè da ọgọ́rọ̀ọ̀rún A sínú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá, fíúsì tó wà lẹ́yìn kò ní gbọ́. Ibi tó yẹ kó wà ni nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ sí orí bátìrì, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀, kí nọ́ńbà rẹ̀ má sì ju ohun tí wáyà lè gbé lọ. Fíúsì 100 A lórí wáyà 6 mm² kò wúlò. Wáyà á jó ṣáájú rẹ̀. Nínú ọkọ̀ yìí, kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù tí wọ́n fi ń tan jẹnẹrétọ̀ ní ibùdó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà náà gan-an. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e sọ̀kalẹ̀ ká tó máa bá ìdánwò lọ.

Kí ni àìtó fóltì ń ṣe fún ohùn? Ọ̀pọ̀ amplifier ọkọ̀ ni agbára rẹ̀ ń tẹ̀ lé fóltì ní ìlọ́po ara rẹ̀. Láti 13.2 sí 10.9, ó ti pàdánù bí ìdá mẹ́ta agbára rẹ̀. Olówó ọkọ̀ á gbọ́ pé ohùn ti rẹlẹ̀, á yí i sókè, orí ohùn á wá gé pẹrẹsẹ, sípíkà á jó. Amplifier tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ á fa kọ́ráǹtì sí i lórí wáyà kan náà, fóltì á sì túbọ̀ sọnù.

Owó ọwọ́ Bàbá kò tó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. A fi bọ́dì àti fíúsì ṣáájú. A fi sáǹpépà ha ọ̀dà títí irin fi dán, a fi nọ́ọ̀tì tó ní òrùka eléyín dè é, a fi gírísì bò ó nítorí òjò. Fíúsì tuntun lọ sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì, 40 A, torí wáyà 6 mm² ṣì ni. Mo ní kí wọ́n má yí ohùn kọjá ibi tí ìyẹn gbà. Ní ọjọ́ ọjà kejì wọ́n ra wáyà 25 mm², a wá fi fíúsì 80 A sí i. Ní 60 A, ẹnu amplifier ka 12.8 V.

Ohun tó kù ni alternator. Bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan lọ́jà, tí ẹ́ńjìnnì sì rọra ń yí, kì í gbé gbogbo A tí wọ́n kọ sára rẹ̀ jáde, bátìrì ló ń san ìyókù. Bí wọ́n bá wá pa ẹ́ńjìnnì nítorí owó epo, ìwọ̀n 60 Ah ara bátìrì, wákàtí ogún ni wọ́n fi wọ̀n ọ́; ní 60 A kò ní tó wákàtí kan, bátìrì ìṣínà kì í sì í pẹ́ kú bí a bá ń fà á gbẹ lójoojúmọ́. Mo fi àmì sí ibi 12.2 V lójú mítà kékeré kan tí a há mọ́ iwájú dẹ́rẹ́bà. Bó bá ti dé ibẹ̀, wọ́n á ta ọkọ̀ náà jí, ìyàwó Bàbá ló sì máa ń rí i kọ́kọ́.