Ìrònú Tuntun Lẹ́nu Iṣẹ́ àti Ìlọsíwájú Okòwò

Ohun méjì ni a fẹ́ yẹ̀ wò: ìrònú tuntun tí òṣìṣẹ́ ní, àti ọ̀nà tí ó fi ń di okòwò. Bí irúgbìn kò ti jẹ́ ìkórè, bẹ́ẹ̀ ni méjèèjì kò jẹ́ ohun kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé-iṣẹ́ 3M ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1968, Spencer Silver, onímọ̀ kẹ́místrì, ń wá gọ́ọ̀mù tí yóò lágbára gidigidi. Èyí tí ó rí kàn ń lẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó sì ṣeé ṣí kúrò láìba ìwé jẹ́. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò rí ìwúlò rẹ̀.

Ní 1974, Art Fry, òṣìṣẹ́ mìíràn níbẹ̀, rántí gọ́ọ̀mù náà. Akọrin ìjọ ni. Ìwé pélébé tí ó fi ń sàmì sínú ìwé orin rẹ̀ a máa já bọ́. Ilé-iṣẹ́ náà fàyè gba àwọn onímọ̀ rẹ̀ láti fi ìdá 15 nínú 100 àkókò wọn lépa èrò ara wọn, Fry sì lo àyè náà. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò lọ́jà ní 1977, kò tà dáadáa. Ní 1978, wọ́n pín in lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìlú Boise. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó lò ó ni ó fẹ́ rà á. Ní 1980, ó di títà jákèjádò Amẹ́ríkà, Post-it ni orúkọ rẹ̀.

Kí ni a rí kọ́? Èkíní, ìmọ̀ ẹnìkan ń dúró de àìní ẹlòmíràn. Nínú Ẹ́kísódù orí 31, Ọlọ́run kò yan Besaleli nìkan. Ó fi Oholiabu tì í. Èkejì, ẹni tí ó ni àṣẹ ni ó ń fi àyè sílẹ̀. Ẹ̀kẹta, àkùnà àkọ́kọ́ kì í ṣe ìdájọ́ ìkẹyìn.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú àwa tí a di ọ̀gá lónìí ni ó ń dá ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ lóhùn pé, “Ta ni ó bi ọ́?” Bí a bá pa á lẹ́nu mọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò ní sọ ìkẹta, yóò gbé èrò rẹ̀ lọ sí ibòmíràn. Ẹ̀yin òbí, ilé ni ìpanilẹ́numọ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí olúkúlùkù wa bi ara rẹ̀ léèrè: èrò ta ni a kò tíì fetí sí?