Ta Ni Yóò Ṣe Ìdájọ́ Ọ̀rọ̀ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì?

Kà: Johanu 7:45–53

Ẹ̀kọ́ wa ti òní kan olúkúlùkù tí ó ní fóònù lọ́wọ́. Ní January 2024, àwọn ajínigbé kó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ àti olùkọ́ wọn ní Èmùré. Rò ó wò ná: bí ẹnìkan bá fi irọ́ ránṣẹ́ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ pé a ti rí wọn lọ́nà Ìkẹ́rẹ́, àwọn òbí yóò sáré lọ síbi tí kò sí nǹkankan, wọ́n tilẹ̀ lè lu àlejò tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ pa. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé kí a jẹ́ kí olúkúlùkù máa sọ ohun tí ó bá wù ú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò pàṣẹ pé kí a yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò?

Kíyèsí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní June 2021. Twitter, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà, yọ ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Muhammadu Buhari kọ kúrò. Láìpẹ́, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun ti Twitter pa ní Nàìjíríà. (Orí Twitter náà ni wọ́n ti kéde rẹ̀!) Láti 5 June 2021 títí di 13 January 2022 ni ó fi wà ní títì. Ẹni tí ń purọ́ àti ẹni tí ń polówó ọjà rẹ̀ jọ jẹ ìyà kan náà. Ìjọba tí ọ̀rọ̀ dùn ni ó tún di adájọ́. Ní 14 July 2022, Ilé-Ẹjọ́ ECOWAS sọ pé ìtìpa náà kò bófin mu.

Nínú ibi tí a kà, Nikodemu bi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bóyá òfin wọn a máa dá ènìyàn lẹ́bi láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Dípò èsì, ẹ̀gàn ni wọ́n fi dá a lóhùn.

Ní tiwa, ilé-iṣẹ́ lè tètè mú ọ̀rọ̀ tí ó lè fa ìpànìyàn kúrò, bí a ti ń pa iná kí a tó béèrè ẹni tí ó dá a. Ṣùgbọ́n kí ó sọ ìdí rẹ̀. Àwọn aṣòfin tí a dìbò yàn ni kí ó ṣe òfin, kí ilé-ẹjọ́ sì sọ ẹni tí ó jẹ̀bi. Kí òfin náà sì yéni yékéyéké.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Bí a bá parọ́ mọ́ ọ lórí fóònù, ọ̀dọ̀ ta ni ìwọ yóò kọ́kọ́ lọ?
2. Ǹjẹ́ ìwọ yóò fẹ́ kí ẹni náà rojọ́ tirẹ̀ kí a tó dá a lẹ́bi?