Ẹ̀kọ́ Nípa Ológbò Iyanrìn, Ẹranko Tí Ń Gbé Nínú Aṣálẹ̀

Nígbà tí ọyẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́, tí ètè ń là, tí eruku sì ń bà lé ewé kòkó àti àga inú ilé, kí olùkàwé mọ̀ pé láti ọ̀nà jíjìn ni eruku náà ti wá. Aṣálẹ̀ Sàhárà, ní ìhà àríwá, ni afẹ́fẹ́ ti gbé e. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ilẹ̀ tí ó gbẹ tó bẹ́ẹ̀ kò lè ní ohun alààyè nínú, bí kò ṣe ràkúnmí àti àwọn tí ń dà á. Èrò yìí kò tọ̀nà. Nínú iyanrìn náà ni ológbò kan ń gbé, tí kò tó ológbò ilé ní ìtóbi, tí ó sì lè lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láì fi ẹnu kan omi.

Ológbò iyanrìn ni a ó máa pè é nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọdún 1858 ni Victor Loche, ọmọ-ogun ilẹ̀ Faransé tí ó fẹ́ràn ẹ̀kọ́ nípa ẹranko, kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé, lẹ́yìn tí a rí ọ̀kan ní ìhà ìlà-oòrùn Àljéríà. Orúkọ ọ̀gágun tí ó ṣáájú wọn lọ sí aṣálẹ̀, Margueritte, ni ó fi sọ ẹranko náà, èyí ni àwọn onímọ̀ fi ń pè é ní Felis margarita títí di òní. Ṣùgbọ́n àwọn ará aṣálẹ̀ ti mọ̀ ọ́n pẹ́ kí ọmọ-ogun kankan tó dé ibẹ̀. A ń rí i ní Mòrókò, ní Àljéríà, àti ní ilẹ̀ Nìjẹ̀r tí ó bá Nàìjíríà pààlà. A tún ń rí i ní ilẹ̀ Árábíà, ní Ìránì, àti ní àwọn aṣálẹ̀ àárín Éṣíà bí Túkímẹ́nísítánì.

Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju kìlógíráàmù 1.5 sí 3.4 lọ. Àwọ̀ ara rẹ̀ dà bí iyanrìn gan-an, àfi ìlà dúdú díẹ̀ ní apá rẹ̀ àti òrùka dúdú ní ìrù. Orí rẹ̀ gbòòrò. Etí rẹ̀ tóbi, ṣùgbọ́n kò nà sókè bí ti ológbò ilé. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ó wà, nísàlẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè lúgọ sẹ́yìn òkúta kékeré kí etí má sì yọ. Irun gígùn tí ó nípọn bo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ pátápátá. Ní ilẹ̀ tí ooru afẹ́fẹ́ ń ju ìwọ̀n 40 lọ ní ọ̀sán, tí iyanrìn sì gbóná ju afẹ́fẹ́ lọ, irun yìí ni bàtà rẹ̀. Kì í jẹ́ kí ó jóná, kì í jẹ́ kí ó rì, kì í sì í jẹ́ kí ipasẹ̀ rẹ̀ hàn dáradára.

Ní ọ̀sán, inú ihò ni ó máa ń wà. Òun fúnra rẹ̀ lè gbẹ́ ihò náà sí ìdí igi kúkúrú kan, ó sì lè gba ti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí ó ti kó lọ. Òun nìkan ni í dá gbé. Bí ilẹ̀ bá ṣú, yóò yọ orí jáde, yóò wo yíká, yóò tẹ́tí sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ó tó máa lọ. Ní òru kan ó lè rin kìlómítà 5 sí 10, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí oúnjẹ kò pọ̀ lójú kan.

Eku aṣálẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ jùlọ. Àwọn eku wọ̀nyí ń gbé abẹ́ ilẹ̀, ojú kò sì lè rí wọn. Etí ni ológbò yìí fi ń wá wọn. Egungun orí rẹ̀ ní ihò ńlá lẹ́yìn etí, èyí tí ń jẹ́ kí ó gbọ́ ìró tí kò ga rárá, àní ìrìn eku nínú iyanrìn. Bí ó bá ti gbọ́ ọ, yóò gbẹ́ ilẹ̀ kíákíá títí yóò fi bá a. Ó ń jẹ alángbá, ẹyẹ àti tata pẹ̀lú. Kò sì bẹ̀rù paramọ́lẹ̀ inú iyanrìn: yóò fi ọwọ́ gbá a ní orí léraléra títí ojú ejò náà yóò fi ṣú, lẹ́yìn èyí ni yóò bù ú jẹ ní ọrùn. Bí ó bá yó tí oúnjẹ sì kù, yóò fi iyanrìn bò ó mọ́lẹ̀ de ìgbà mìíràn.

Níbo ni omi wà nínú gbogbo èyí? Inú ẹran tí ó pa ni. Ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara eku kún fún omi, kíndìnrín rẹ̀ sì ń fa omi náà padà sínú ara, tó bẹ́ẹ̀ tí ìtọ̀ rẹ̀ ń ki gidigidi. Bí ó bá rí omi, yóò mu ún. Bí kò bá rí i, kò ní kú. Ológbò ilé pàápàá ní díẹ̀ nínú ẹ̀bùn yìí, nítorí láti ara ológbò ìgbẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ ni ó ti ṣẹ̀ wá. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí bẹ́ẹ̀ gba àwo omi lọ́wọ́ ológbò rẹ̀.

Àwọn Tubu, tí í ṣe darandaran Sàhárà, ka ẹranko yìí sí olè adìẹ. Síbẹ̀ wọn kì í sábà pa á, nítorí ìtàn wọn sọ pé irú ológbò kékeré yìí bá Mùhámádù àti ọmọbìnrin rẹ̀ gbé. Ohun yòówù kí Kristẹni rò nípa ìtàn náà, ó ti dá ẹ̀mí ológbò púpọ̀ sí.

Bí ó bá tó àkókò gígùn, akọ a máa ké sí abo pẹ̀lú ohùn tí ó dà bí ti ajá kékeré tí ń gbó. Abo yóò lóyún fún nǹkan bí oṣù méjì, yóò sì bí ọmọ méjì tàbí mẹ́ta, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ojú wọn ń là. Kí ọdún tó yí ká, olúkúlùkù ti lọ wá ihò tirẹ̀.

Ajáko, òwìwí ńlá àti ejò ni ọ̀tá rẹ̀. Ọ̀nà tí ó fi ń bọ́ lọ́wọ́ wọn ni pé kí a má rí i. Bí ó bá fura, yóò dọ̀bálẹ̀ fi ikùn lé ilẹ̀, kò ní mira. Bí a bá tan iná sí i ní òru, yóò di ojú kí ojú náà má baà tàn. Ó ń bo ìgbẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ènìyàn lè kọjá lẹ́bàá rẹ̀ kí ó má mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó fi í pamọ́ fún ọ̀tá ni ó fi í pamọ́ fún ẹni tí ìbá ṣàánú rẹ̀ pẹ̀lú: ó lè tán ní ilẹ̀ kan kí ẹnikẹ́ni tó béèrè rẹ̀. Níbi tí ẹran ọ̀sìn bá ti jẹ koríko tán, eku á lọ, ológbò á sì tẹ̀lé e. Tàkúté àti májèlé tí a dẹ sílẹ̀ fún ajáko ń mú un. Ajá àwọn tí ó tẹ̀dó ń pa á, ológbò ilé wọn sì lè kó àrùn ràn án. Ní àfonífojì Árábà, ní gúúsù Òkun Iyọ̀, níbi tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì gbà kọjá, ó ti wà níbẹ̀ títí di ìparí ọ̀rúndún tí ó kọjá. Nísinsìnyí àwọn onímọ̀ kà á sí èyí tí ó ti parẹ́ níbẹ̀.

Àwọn kan tún ń mú un tà, nítorí ojú rẹ̀ wu ènìyàn. Ìwà òmùgọ̀ ni. Àyà rẹ̀ kò gba ọ̀rinrin. Àrùn imú àti ti ọ̀nà ọ̀fun ni ó sábà ń pa á nínú ọgbà ẹranko, àfi bí a bá mú ibùgbé rẹ̀ gbẹ. Bí a bá gbé e wá sí ilẹ̀ òjò, ikú ni a gbé e wá fún.

Ní ọdún 2002, ẹgbẹ́ àgbáyé tí ń kọ orúkọ àwọn ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu sílẹ̀ fi í sí àwọn tí ewu súnmọ́. Ní ọdún 2016 wọ́n yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Kì í ṣe pé ó ti pọ̀ sí i: ìmọ̀ nípa rẹ̀ ni ó pọ̀ sí i. Ní oṣù kẹrin ọdún 2017, ní Mòrókò, àwọn onímọ̀ tí ń fi ọkọ̀ wá a ní gbogbo òru rí ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ní ìdájí, wọ́n sì ya àwòrán wọn, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe rí nínú aṣálẹ̀ Áfíríkà. Inú koríko ni wọ́n wà, ìyá wọn kò sí nítòsí. Iná ọkọ̀ bọ́ sí ojú wọn, ojú náà sì tàn, nítorí wọn kò dì í bí àwọn àgbà ti ń ṣe.