Ìpara Òrí fún Ìyá Ọlọ́mọ tí Orí Ọmú Rẹ̀ Bó

Ọjà Adawlato wà ní àárín ìlú Lomé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì. Kò jìnnà sí Anagokomé, àdúgbò tí wọ́n fi orúkọ àwa Ànàgó pè. Ní ọjà yìí, ẹ óò rí aṣọ, ata àti ẹja gbígbẹ. Ẹ óò sì rí àwọn obìnrin tó ń ta òrí nínú abọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyàwó kékeré kan ń tajà níbẹ̀. Ó bímọ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Orí ọmú rẹ̀ bó, ó sì là. Bí ọmọ bá ti gbé ọmú sẹ́nu, omijé a bọ́ lójú ìyá. Ó ti pinnu pé òun yóò ra wàrà alágolo. Kó tó rà á, ó yà lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tó ń ta òrí.

"Ẹ kú ọjà, ìyá."

"Oò, ìyàwó, o kú ewu ọmọ. Ìkókó ńkọ́?"

"Ó wà, ìyá. Ọmú ló ń dùn mí. Ẹ bá mi bu òrí díẹ̀."

"Màá bù ú fún ọ. Ṣùgbọ́n jókòó ná, kí o fún ọmọ lọ́mú kí n rí i. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá."

Ìyá àgbà wò ó dáadáa. Ọmọ kò la ẹnu tó. Orí ọmú nìkan ló ń fà. Ibẹ̀ gan-an ni ìrora ti ń wá.

Òrí a máa tu ara lára, ṣùgbọ́n kò lè kọ́ ọmọ bí a ṣe ń mu ọmú. Nítorí náà, ohun méjì la óò kọ́ lónìí.

Bí ọmọ ṣe yẹ kó gbé ọmú sẹ́nu

1. Ẹ jókòó kí ẹ̀yìn yín sinmi. Ẹ gbé ọmọ sún mọ́ ara, kí ikùn rẹ̀ kọjú sí ikùn yín.
2. Ẹ fi orí ọmú kan ètè rẹ̀. Ẹ dúró títí yóò fi la ẹnu gbàgà.
3. Ẹ wá gbé ọmọ wá síbi ọmú. Ẹ má tẹ̀ síwájú láti ki ọmú bọ̀ ọ́ lẹ́nu.
4. Ẹnu ọmọ gbọ́dọ̀ gba orí ọmú àti púpọ̀ nínú ibi dúdú tó yí i ká. Àgbọ̀n rẹ̀ yóò kan ọmú, ètè rẹ̀ ìsàlẹ̀ yóò sì ṣí síta.
5. Bó bá ṣì ń dùn yín, ẹ má fa ọmú yọ lójijì. Ẹ fọ ọwọ́, kí ẹ ki ìka ọmọńdinrín bọ ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọmọ, yóò sì tú u sílẹ̀. Kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí a nílò fún ìpara

Òrí tó mọ́, ṣíbí ìjẹun 4. Òróró àgbọn, ṣíbí 1. Ìgò kékeré ẹlẹ́nu gbòòrò tó ní ìdérí. Abọ́ irin kan, ìkòkò kan àti aṣọ funfun tó mọ́.

Àwọn Ewé ń pe òrí ní yokumi, àwọn tó ń sọ Faransé ń pè é ní karité. Apá òkè ilẹ̀ Tógò ni igi rẹ̀ ti ń hù. Àwọn obìnrin a ṣa èso rẹ̀, wọn a lọ ekuro rẹ̀, wọn a fi omi pò ó títí ọ̀rá yóò fi léfòó. Bí omi bá ṣẹ́ kù sínú rẹ̀, kì í pẹ́ bàjẹ́. Nítorí náà, ẹ gbóòórùn òrí kí ẹ tó rà á. Èyí tó ti kan, tàbí tó hu funfun lójú, kò dára fún iṣẹ́ yìí. Ẹ má ra èyí tí wọ́n fi lọ́fínńdà sí.

Bí a ṣe ń ṣe é

1. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹ se ìgò àti ìdérí rẹ̀ nínú omi híhó fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ pátápátá.
2. Ẹ gbé omi díẹ̀ kaná nínú ìkòkò. Ẹ gbé abọ́ tí òrí wà nínú rẹ̀ lé orí omi náà. Ẹ má gbé òrí lé iná tààrà, kó má baà jó.
3. Bó bá ti yọ́ tán, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Omi àti ìdọ̀tí yóò rọ̀ sí ìsàlẹ̀.
4. Ẹ fi aṣọ funfun sẹ́ òkè rẹ̀ tó mọ́. Ẹ da ìsàlẹ̀ rẹ̀ nù.
5. Ẹ da òróró àgbọn sí i. Ẹ gbé abọ́ náà sínú omi tútù, kí ẹ máa rò ó títí yóò fi dì. Bí a kò bá rò ó, ó lè di kóró-kóró, yóò sì máa ha egbò.
6. Ẹ bù ú sínú ìgò, kí ẹ dé e. Ẹ fi í síbi tí oòrùn kò sí. Bí òórùn rẹ̀ bá yí padà, ẹ dà á nù.

Bí a ṣe ń lò ó

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ fi díẹ̀ pa inú ọrùn ọwọ́. Ẹ dúró di ọjọ́ kejì. Bó bá yún yín tàbí tó pupa, ẹ má lò ó.

Bí ọmọ bá mu ọmú tán, ẹ fún omi ọmú díẹ̀ jáde, kí ẹ fi pa orí ọmú, kí ó gbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka tó mọ́ fi ìpara díẹ̀ pa á, bí ẹ̀wà kan péré. Kí ọmọ tó tún mu ọmú, ẹ fi aṣọ tó mọ́ nu èyí tó kù kúrò.

Ohun tí a kò gbọdọ̀ fi kan orí ọmú

Oyin lè pa ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan lára gidigidi. Nítorí èyí, ẹ má fi ìda oyin sínú ìpara yìí, torí oyin lè wà lára rẹ̀. Ẹ má lo ìpara tó ní káfúrà tàbí tó ń ta sánsán, ó léwu fún ìkókó. Ẹ má sì máa fi ọṣẹ fọ orí ọmú ní gbogbo ìgbà, ó ń jẹ́ kí ó gbẹ, kí ó sì là.

Ìgbà tó yẹ ká lọ sí ilé ìwòsàn

Ẹ má dúró de ìpara bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí: ara gbígbóná, ọmú tó le, tó pupa, tó sì gbóná, ọyún, ìrora tó ń ta bí iná lẹ́yìn tí ọmọ ti mu ọmú tán, nǹkan funfun lẹ́nu ọmọ tí kò ṣeé nù kúrò, egbò tí kò sàn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìyá tó ní kòkòrò HIV, tí orí ọmú rẹ̀ sì là tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀, kó tètè rí nọ́ọ̀sì, kó má sì fo oògùn rẹ̀.

Bí orí ọmú bá dùn yín, ẹ má tìtorí rẹ̀ já ọmọ lẹ́nu ọmú. Bí ọmọ kò bá mu ọmú, omi ọmú yóò dín kù. Bí omi tí a fi po wàrà alágolo kò bá sì mọ́, ìgbẹ́ gbuuru lè kọlu ọmọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF gbà wá nímọ̀ràn pé kí a fún ọmọ ní ọmú nìkan fún oṣù 6, kí a wá máa fi oúnjẹ kún un títí di ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyàwó kékeré wa ra òrí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ kọ́ bí ọmọ yóò ṣe la ẹnu.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìyá àgbà fẹ́ rí kó tó bu òrí?
2. Kí nìdí tí a fi ń rò òrí títí yóò fi dì?
3. Kí nìdí tí a kò fi gbọdọ̀ fi oyin pa orí ọmú?
4. Ẹ dárúkọ àmì mẹ́ta tó yẹ kó gbé ìyá lọ sí ilé ìwòsàn.
5. Ẹ bi àwọn ìyá àgbà àdúgbò yín ní ohun tí wọ́n ń lò fún orí ọmú tó bó. Ẹ jọ jíròrò èyí tó dára àti èyí tó léwu nínú wọn.