Kí Ẹ Tó Ra Ẹ́ńjìnì

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń gbèrò àtira ọkọ̀ ojú omi tirẹ̀ ní Molutehin, ìlú etí òkun, kọ́kọ́ fi sọ́kàn. Mọ́tò kì í dé ibẹ̀. Omi ni títì, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì tó ń ná Igbókòdá sì ni takisí. Bó bá jẹ́ pé ọjà tàbí ilé ìwòsàn ló ń gbé yín jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí lẹ fẹ́ fi ẹ́ńjìnì ti ara yín ṣe?

Owó tí wọ́n fi ra ẹ́ńjìnì kọ́ ni gbogbo ìnáwó rẹ̀. Epo ń bẹ, ọ́ìlì tí wọ́n ń pò mọ́ epo ń bẹ, púlọ́ọ̀gì náà ń bẹ. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ẹni tó ń dá epo rà mọ ohun tójú rẹ̀ ń rí. Iyọ̀ omi òkun ń jẹ irin. Bílẹ̀ bá ṣú, ẹ ó tú ẹ́ńjìnì, ẹ ó gbé e wọlé nítorí olè. Òkun tó ti gba ilẹ̀ púpọ̀ ní Molutehin, Awoye àti Ayétòrò kò tilẹ̀ jẹ́ kí ibi tí èèyàn ń so ọkọ̀ mọ́ dúró sójú kan. Apẹja àti ẹni tó ń fi ọkọ̀ jẹun lójoojúmọ́ ni wàhálà yìí yẹ.

Ẹ̀yin yòókù, ẹ wọ ọkọ̀ èrò. Bẹ́rù bá pọ̀, tàbí tí aláìsàn wà nílẹ̀, ẹ gba dírọ́ọ̀pù, ìyẹn ni pé kí ẹ dá odindi ọkọ̀ gbà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: alájàpá mẹ́ta mẹ́rin lè dáwó gba ọkọ̀ kan. Ẹ dúnàádúrà tán kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Àlọ nìkan ni, àbí àlọ àtàbọ̀? Bí atukọ̀ bá dúró dè yín ńkọ́? Owó tí wọn kò sọ délẹ̀ ló ń fa ọ̀pọ̀ ìjà èbúté.

Atukọ̀ ni kí ẹ wò, ẹ má wo ọ̀dà ara ọkọ̀. Odò kì í kún bo ẹja lójú. Ẹni tó mọ omi mọ ibi tí ẹrẹ̀ yóò ti há ọkọ̀ nígbà tí omi bá fà. Bí ẹ́ńjìnì bá ti dún, ẹ bojú wo ẹ̀yìn rẹ̀: omi tín-ín-rín kan yẹ kó máa tú jáde níbẹ̀. Omi tó ń tu ẹ́ńjìnì lára nìyẹn. Bí kò bá jáde, ẹ ní kí atukọ̀ pa ẹ́ńjìnì. Koríko tàbí ọ̀rá lè ti dí ọ̀nà omi náà, ẹ́ńjìnì kò sì ní pẹ́ gbóná. Ṣé àjẹ̀ wà nínú ọkọ̀? Ṣé ike ìgbọ́nmi wà? Bí wọ́n bá ń ki èrò mọ́ èrò títí omi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá etí ọkọ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀, bí ẹ tiẹ̀ ti sanwó.

Ẹ wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì, kí ẹ so okùn rẹ̀ dáadáa. Ẹ má gbé e lé itan. Nínú owó tí ẹ fẹ́ fi ra ẹ́ńjìnì, ẹ yọ díẹ̀ ra èyí tó bá ọmọ yín mu pamọ́ sílé. Ti àgbà máa ń yọ lọ́rùn ọmọdé.