Ìwé Yín àti Ọwọ́ Yín

Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń gbé fáìlì kiri láti Oníru dé Ajah, ẹ má gba ẹni tó ní ìwé ò já mọ́ nǹkan gbọ́. Irú wọn sábà ń tọ́jú tiwọn sínú àpótí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú iṣẹ́ ìjọba, oní-HND láti Yaba Tech kì í kọjá ìpele 14, bó ti wù kó mọṣẹ́ tó, nígbà tí oní-BSc ń gòkè lọ. Ìrẹ́jẹ gbáà ni, lójú tèmi.

Ṣùgbọ́n nígbà tí iléeṣẹ́ Andela bẹ̀rẹ̀ ní Èkó lọ́dún 2014, ìdánwò ni wọ́n fi ń yan àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ kọ̀ǹpútà, kì í ṣe dìgírì.

Ẹni tó ti wà ní yunifásítì, kó parí rẹ̀. Ẹni tí owó ò sí fún, kó kọ́ṣẹ́ dójú àmì. Ní àwọn hòtẹ́ẹ̀lì Oníru, ọ̀gá tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kú lóru kì í bi ẹni tó tún un ṣe ní sáàtífíkéètì. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fi í ṣe máníjà ni wọ́n ń rántí béèrè. Kó tó dọjọ́ náà, ẹ lọ ṣe ìdánwò Trade Test ti ìjọba, kí ẹ lè ní sáàtífíkéètì iṣẹ́ ọwọ́ yín.